Ìwé Tí Wọn Kò Tíì Fọwọ́ Sí

Bajulaiye, Ṣómólú
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú

Dámilọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Kó o tó ka ohunkóhun, mo bẹ̀ ọ́, má tíì yí ìwé yìí sẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ní kó o má ṣí nǹkan wò, ìgbà yẹn gan-an lọwọ́ rẹ máa ń yún ọ. Ìwé ńlá mẹ́ta ni, ojú kan ni mo kọ nǹkan sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tí mo kọ nǹkan sí yìí ni kó o kọ́kọ́ kà. Tó o bá dé ìparí, màá sọ fún ọ ìgbà tó o lè yí i.

O máa ní kí ló dé tí bàbá yìí ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́. Orí rẹ̀ náà la ti sọ̀rọ̀ lánàá, tó o sọ ohun tí kò jẹ́ kí n lè jẹun tán. O ní iléeṣẹ́ tuntun tó gbà ọ́ sí Ìbàdàn ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó wọṣẹ́, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kókó kan ní ọmú rẹ òsì. O ní wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ yẹ̀ wò, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí lèsì máa jáde. Gbogbo ìyẹn ni mo gbọ́, mo ṣì ń mí. Ohun tó o fi parí ọ̀rọ̀ ló já mi láyà. O ní, "Bàbá mi, mi ò rò pé mo máa lọ gbà á. Kí n má mọ̀ ọ́n rárá ló sàn fún mi." Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa, mo pa fóònù. Irọ́ ni mo pa, nẹ́tíwọ̀kì dáa.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ìyá rẹ wà ní Bàrígà nídìí ẹja rẹ̀, ilé dákẹ́. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ti Ìbàdàn wá ra ẹja gbígbẹ ló máa mú lẹ́tà yìí bọ̀ wá fún ọ lọ́la. Tí ìwé náà bá ń rùn, má bínú, òun àti ẹja ni wọ́n jọ wọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pa mọ́ fún ọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló ní kí n má sọ fún ọ nígbà tó o ṣì kéré, nígbà tó o wá dàgbà, ojú ló ń tì mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tèmi níbí, yàrá kan ṣoṣo, pẹ̀lú máṣíìnì ìtẹ̀wé kan tó dàgbà jù mí lọ. O kò lè rántí bí àdúgbò yìí ṣe rí nígbà yẹn. Láti àárọ̀ ni máṣíìnì á ti máa ké ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbà-tì-gbà, gbà-tì-gbà, tó fi jẹ́ pé tí iná bá lọ lójijì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á wá rí i pé ariwo lòun ń pa. Mo máa ń gbọ́ òórùn íńkì lára ara mi títí di ọjọ́ ìsinmi. Tí mo bá ti ń bọ̀ nílé, o máa ń gbóòórùn mi kó o tó rí mi, wàá sì sáré bọ̀ wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ á ní kí n lọ wẹ̀ kí n tó gbé ọ. N kì í gbọ́. Aṣọ funfun rẹ kan wà tí wọ́n fi ń gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìka ọwọ́ mi márààrún ló wà lẹ́yìn rẹ̀ títí o fi dàgbà jù ú lọ. Tí mo bá rántí aṣọ yẹn, inú mi máa ń dùn, omi á sì tún máa bọ́ lójú mi. Àgbà ti dé nìyẹn.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa jù lọ nígbà náà ni pósítà òkú. Láti Fádèyí, láti Pẹ́dírò, láti etí omi lọ́hùn-ún, wọ́n á mú fọ́tò bàbá wọn tàbí ìyá wọn wá, a ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ní òfin kan tí kì í fi ṣeré. Ẹ̀dà kan ṣoṣo la máa kọ́kọ́ yọ. Púrúùfù là ń pè é. Oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, á kà á, á fọwọ́ sí i pé bó ṣe yẹ kó rí nìyí, ìgbà yẹn la tó lè tẹ ìyókù. Ìgbà kan, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo wò ó pé oníṣẹ́ kò tètè dé, mo tẹ igba ẹ̀dà. Àṣé orúkọ ọmọ tó mú iṣẹ́ wá ni mo kọ sí ipò olóògbé. Ọkùnrin náà dé, ó rí i pé òun ti kú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìfọ́tí tí ọ̀gá mi fọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, etí mi òsì ṣì máa ń rántí rẹ̀ nígbà òtútù. O ṣáà máa rò pé mo ti gbọ́n láti ọjọ́ yẹn.

N kò gbọ́n. Ikọ́ kan mú mi, kò lọ. Mo ní íńkì ni. Mo tún ní ọyẹ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ìyá rẹ ń bá mi fún ṣòkòtò mi ní ìbàdí, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Lọ́jọ́ kan mo wúkọ́ sínú àkísà tí mo fi ń nu máṣíìnì, mo rí pupa lára rẹ̀, a kò sì tẹ nǹkan pupa kankan lọ́jọ́ náà.

Mo dá lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé Muṣin ni mo ń lọ, pé mo fẹ́ lọ ra bébà. Wọ́n gba itọ́ mi, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Mo délé lọ́wọ́ òfo. Ìyá rẹ ní, "Bébà dà?" Mo ní kò sí èyí tó dáa.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í nìyẹn, Àṣàkẹ́, òun ni mo sì máa fi ṣe ìmọ̀ràn àkọ́kọ́. Má dá a gbé. O ní o kò tíì sọ fún Kọ́ládé ọkọ rẹ, pé o kò fẹ́ kó máa dààmú. Ta ló sọ fún ọ pé kò dààmú? Èèyàn tó ń bá ọ gbé lábẹ́ òrùlé kan náà, ó ti rí i pé o kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Kò kàn mọ ohun tó fà á ni, ó sì ṣeé ṣe kó máa rò pé òun ló ṣẹ̀ ọ́. Ìyá rẹ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo àkókò yẹn, òun rò pé mo ti ní obìnrin mìíràn ní Muṣin ni. Sọ fún un lálẹ́ yìí. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣòro láti sọ, fún un ní lẹ́tà yìí kó kà á.

Èkejì. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Pẹ́dírò nígbà náà tó ń bá wa gé bébà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, mo bá sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi kan ló ní irú ikọ́ yẹn. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ló pa ẹ̀gbọ́n òun. Ó sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe rù, ohun tó jẹ kẹ́yìn. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo ní kó tún un sọ fún mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ, bí ẹni tí wọ́n ń fún ní nǹkan níbẹ̀. Fóònù ọwọ́ rẹ yẹn ni ọ̀gbẹ́ni Pẹ́dírò tìrẹ. O sọ fún mi pé o ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa kókó ọmú. Ó tó. Ohun tó o bá fẹ́ mọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, Ọjọ́bọ̀ kó o bi dókítà.

Ọjọ́bọ̀ tèmi pé, mi ò lọ. Mo múra, mo dé ibùdókọ̀ Fádèyí, mo dúró síbẹ̀, mo wo ọkọ̀ mẹ́fà tó kọjá, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mi ò lọ. Mo mọ ohun tó o sọ lánàá, ọmọ mi, nítorí èmi náà ti sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́ pé kí n má mọ̀ ọ́n ló sàn. Ṣùgbọ́n irọ́ ni pé mi ò mọ̀. Mo ti fún ara mi lésì. Mo ti ní mo máa kú.

Wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ kò pọ̀, mo mú fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Mo fi abẹ gé ìwọ àti ìyá rẹ kúrò, ó ku èmi nìkan. Mo to ọ̀rọ̀ sí i, mo fi ìlà dúdú yí i ká, mo ṣe irin pléètì tí máṣíìnì máa fi tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ pósítà òkú ara mi. Mo ní ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kí ìyá rẹ má wá máa ti ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà. Mo sá wọn kí íńkì wọn gbẹ, mo sì ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá dúdú wọn dọ́gba. Iṣẹ́ náà mọ́. Ohun tó dùn mí jù tí mo bá rántí ni pé inú mi dùn sí i pé ó mọ́.

Ìyá rẹ wọlé. Ó gbé oúnjẹ mi wá, ìwọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ò ń sùn. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó mú pósítà kan, ó wò ó, ó wò mí.

"Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò tíì kú."

Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun kan tí n kò lè gbàgbé láé. Ó rọra béèrè rẹ̀, nítorí tìrẹ tó ò ń sùn. "Ta ló fọwọ́ sí púrúùfù rẹ̀?"

Láti ìgbà tó ti mọ̀ mí ló ti ń gbọ́ òfin ọ̀gá mi lẹ́nu mi, tí mo fi ń yangàn fún gbogbo oníbàárà. Ó ní, "Mo ní ta ló fọwọ́ sí i? Dókítà ni?" Ìgbà yẹn ni mo wá bú sẹ́kún, tí mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó sọ̀rọ̀ sí mi ní Ìlàjẹ, èdè ilé bàbá rẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Èyí tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò dáa, èyí tí n kò gbọ́, ojú rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta la lọ. Nọ́ọ̀sì tú àwọn ìwé kan wò, ó fa tèmi yọ. Ó ní, "Bàbá, ó ti tó ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí èyí ti ń dúró dè yín." Dókítà ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó ní ó ní oògùn, pé tí mo bá lò ó dáadáa láìfo ọjọ́ kan, ara mi máa yá. Mo fẹ́ dìde kí n máa yọ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó wo ìwọ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ, ó ní, "Ẹ̀yin àti ọmọ yìí lẹ jọ ń sùn?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ èyí fún ọ, Dámilọ́lá. Oògùn wà nínú ilé ìwòsàn, èsì wà nínú ilé ìwòsàn, èmi jókòó sí Bajulaiye fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, mò ń tẹ pósítà, mo sì ń wúkọ́ sí ọ lára. Wọ́n ní wọ́n máa yẹ ìwọ náà wò. Ọmọ ọdún méjì. O kò ní rántí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ̀ yìí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dúró de èsì rẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Nígbà tí à ń dúró de èsì rẹ yẹn, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Wọ́n ní kí n má bá ọ sùn nínú yàrá kan náà fún ìgbà díẹ̀, kí n máa wà níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ìyá rẹ ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ bàbá òun ní etí ọ̀sà ní Bàrígà lójoojúmọ́. Apẹja ni bàbá àgbà, wàá rántí ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe le. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó na àpótí sí mi, a jókòó síta gbangba, ó fi àwọ̀n tó ya lé mi lẹ́sẹ̀, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dí ojú rẹ̀. Ó nira. Ìka tó mọ ọ̀nà máṣíìnì kò mọ ọ̀nà òwú. Mo máa ń dí ojú kan fún wákàtí kan, á wò ó, á tú u, á ní kí n tún un ṣe. Lọ́jọ́ kẹta ni mo tó ṣe ojú kan tí kò tú. Mo wá rí i pé ìdajì ọ̀sán ti lọ tí n kò rántí àyà mi. Nítorí náà, wá nǹkan fún ọwọ́ rẹ ṣe láti òní di Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, kì í ṣe nǹkan tí èèyàn lè máa ṣe kó sì tún máa ronú. Nǹkan tó ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó máa jẹ́ kó o bínú díẹ̀.

Ìyá rẹ náà dá ètò kan sílẹ̀, àwa méjèèjì ṣì ń lò ó di òní. A kì í jọ bẹ̀rù lọ́jọ́ kan náà. Tó bá jí tó ní, "Èmi ni mo ni tòní," ó lè sunkún, ó lè má dáná, èmi ni mo máa wẹ̀ ọ́, tí mo máa ní kò sí wàhálà. Lọ́la èmi ló kàn. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí àwa méjèèjì ń jà sí i pé tòní kan àwa. Ẹ dán an wò, ìwọ àti Kọ́ládé.

Èsì rẹ jáde. Ìyá rẹ ni kò lè wọlé lọ́jọ́ yẹn, èmi tó ń sá ni mo wọlé lọ gbà á. Wọ́n ní kò tíì mú ọ, ṣùgbọ́n kí a fún ọ ní oògùn tó máa dènà rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Oògùn náà korò. Láràárọ̀ ni mo ń gbé ọ sẹ́sẹ̀, ò ń tu ú sí mi láyà, mo tún ń bu òmíràn. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi ló ní àmì rẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn àárọ̀ yẹn ju ohunkóhun tí mo ti ṣe láyé lọ.

Mo fẹ́ sun àwọn pósítà náà. Ìyá rẹ kò gbà. Ó ní bébà tó dáa ni. Òun ló fi bo gbogbo ìwé rẹ nígbà tó o wọ iléèwé, funfun rẹ̀ síta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ìwé tó o fi kọ́ ìṣirò, ìwé tó o fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ, olóògbé bàbá rẹ ló wà lábẹ́ wọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n ya. Ẹ̀dà mẹ́ta péré ló kù nínú àpótí rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú èsì tìrẹ. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ó máa dáa. Tèmi kò dáa, wọ́n kàn rí ohun tí wọ́n fi wò ó nítorí pé mo wá gbà á nígbẹ̀yìn. Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàkẹ́. Tòní tèmi ni, ìyá rẹ ti gbà fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan lórí rẹ. Má tíì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ a ó wọlé, a ó jókòó, a ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo kọ "a" níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe pé mo ṣì í kọ.

Ó yá, yí ìwé yìí sẹ́yìn.

Òun nìyẹn. Irun wà lórí rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tíì jìn. Wo èjìká rẹ̀ òsì dáadáa: ọwọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí abẹ mi kò gé tán. Ọwọ́ rẹ ni. Wọ́n ní ó sùn nínú Olúwa lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ó fi ìyàwó kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀ sáyé lọ. Olóògbé náà máa wọkọ̀ Ìbàdàn láàárọ̀ Ọjọ́rú. Kó o se nǹkan dè é, kó o sì rántí pé kì í jẹ ata púpọ̀ mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń rùn fún íńkì